Ẹ̀kọ́ Fíkíhì: Aago Àtijọ́ Tí Wọ́n Ti Pààrọ̀ Ẹ̀yà Ara Rẹ̀

 

 Ó yẹ kí a tẹ̀síwájú lórí ẹ̀kọ́ owó èlé ní oṣù yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàrin àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àwọn ọ̀rẹ́ méjì di ọ̀tá, mo sì rí i pé ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe é dá dúró di oṣù mìíràn. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí n tó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Arákùnrin kan láàrin wa jogún aago ọrùn-ọwọ́ kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àlùfáà ni bàbá yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ka kéwú níwájú wọn. Seiko 5 ni aago náà, irú èyí tí àwọn Alájì àti Alájà ìgbà náà máa ń mú bọ̀ láti Mẹ́kà, tí orúkọ ọjọ́ inú fèrèsé kékeré ojú rẹ̀ wà ní Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mú un bọ̀ láti Hájì ọdún 1981. Lẹ́yìn tí Bàbá jáde láyé (kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn), owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ká arákùnrin wa mọ́lẹ̀, ó sì pinnu láti ta aago náà. Arákùnrin kejì, ẹni tó fẹ́ràn aago àtijọ́ gidigidi, ní òun yóò rà á. Olùtà sọ fún un pé, “Bí Bàbá ṣe mú un bọ̀ láti Mẹ́kà náà ló wà yìí o.” Wọ́n fẹnu kò sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta náírà (₦64,000), olùrà san owó lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí wà níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sórí rẹ̀.

Olùrà wọ aago náà fún oṣù kan. Ó wá gbé e fún ẹnìkan pé kó bá òun dán ara irin rẹ̀ kó lè máa kọ mànà. Lẹ́yìn èyí ló tó mú un lọ sọ́dọ̀ àgbà kan tó ti ń tún aago ṣe tipẹ́, kí ó lè fi òróró sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àgbà yìí ṣí i, ó wò ó, ó ní: “Ẹ́ńjìnnì yìí, ti aago yìí ni. Ṣùgbọ́n ojú aago yìí, wọ́n ti tún un kùn. Ọwọ́ méjèèjì tó ń ka wákàtí àti ìṣẹ́jú, kì í ṣe ti Seiko rárá. Ẹni tó sì bá ọ dán ara rẹ̀ yìí ti fá gbogbo igun rẹ̀ dànù.” Inú bí olùrà. Ó lọ bá olùtà nílé, ọ̀rọ̀ di ariwo. Ọ̀kan ń pe èkejì ní oníjìbìtì, èkejì ń pe ọ̀kan ní ẹni tó ń bú òkú Àlùfáà nínú sàárè. Ìgbà tí wọn kò kí ara wọn mọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n ké sí wa.

Kí ni àléébù?

Ọ̀rọ̀ “àléébù” tí gbogbo wa ń lò lójoojúmọ́, inú èdè Lárúbáwá ni a ti mú un: al-‘ayb. Àwọn baba wa gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gba “wákàtí” láti ara waqt. (Ẹ̀rín máa ń pa mí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní Lárúbáwá le, nígbà tó jẹ́ pé ó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tó ti ń mu ọmú.) Nínú fíkíhì, àléébù ọjà ni ohunkóhun tó bá dín iye owó rẹ̀ tàbí ìwúlò rẹ̀ kù lójú àwọn tó mọ ọjà náà, tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà ní.

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn yẹn: lójú àwọn tó mọ ọjà náà. Kì í ṣe lójú èmi Àlùfáà, kì í ṣe lójú olùrà tí inú ń bí, kì í sì í ṣe lójú olùtà tó ti ná owó. Onímàlúù ló mọ àléébù màlúù, aláṣọ ló mọ ti aṣọ. Àṣà àwọn oníṣòwò jẹ́ ohun tí Ṣẹ̀ríà ń wò nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Nítorí náà, kí a tó lè dájọ́ lórí aago, a ní láti mọ̀ nípa aago díẹ̀.

Aago tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún kò lè ṣàìgba nǹkan tuntun sára. Òróró inú rẹ̀ ń gbẹ, rọ́bà tó ń dí omi lọ́nà ń le kankan, sípíríńgì ń rẹ̀, gíláàsì ń ha, ṣéènì ń já. Àwọn nǹkan wọ̀nyí dà bíi táyà àti òróró mọ́tò. Ẹni tó bá pààrọ̀ wọn, ìtọ́jú ló ṣe, kò sì sí ẹni tó mọ aago tí yóò pè é ní àléébù. Bí a bá lo rọ́bà ogójì ọdún tí a kò pààrọ̀ rẹ̀, omi alúwàlá nìkan tó láti ba aago náà jẹ́.

Ohun tí àwọn olólùfẹ́ aago àtijọ́ ń fi owó lé lórí jù ni ojú rẹ̀. Ojú aago ni ẹni tó ni ín ń wò ní gbogbo ìgbà, òun náà sì ni kò ṣe é tún ṣe kó tún padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn ojú ni ọwọ́ tó ń yí, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé irin tó gbé e dání àti kókó ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń tò ó. Bí a bá pààrọ̀ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, a óò bi ara wa léèrè pé kí ni a fi pààrọ̀ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé páàtì tí iléeṣẹ́ náà gan-an ṣe ni, ojúlówó ṣì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá aago náà jáde lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ara aago mìíràn irú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, àwọn kan gbà á, àwọn kan kò fẹ́ ẹ, owó rẹ̀ sì máa ń dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àfarawé ni, tàbí pé wọ́n fi ọ̀dà kun ojú aago tí wọ́n sì tún orúkọ iléeṣẹ́ kọ sí i, owó rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ gan-an. Ní Íńdíà, pàápàá ní Mumbai, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń kun ojú aago àtijọ́ Seiko àti HMT ní àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, tí wọ́n sì ń tà wọ́n káàkiri ayé. Aago náà ń ṣiṣẹ́, ó sì lẹ́wà lójú ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ kò ní san owó ojúlówó fún un.

Kì í ṣe gbogbo ojú tí a pààrọ̀ ni ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀ o. Títí wọ ìgbà 1960, rédíọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń fi kun nọ́ńbà ojú aago kí ó lè máa tàn nínú òkùnkùn. Rédíọ́ọ̀mù yìí máa ń pa ènìyàn lára. Àwọn ọmọbìnrin tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní Amẹ́ríkà ní ìgbà 1910 àti 1920 ni ayé ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ṣàìsàn tí wọ́n sì kú. Nígbà tó yá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú aago ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n yọ ojú tó ní rédíọ́ọ̀mù kúrò, wọ́n sì fi èyí tó ní trítíọ́ọ̀mù sí i. Ta ló máa pe ìyẹn ní jìbìtì? Bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá wa Àlùfáà kò ṣe jìbìtì. Omi ló wọ inú aago wọn, ojú rẹ̀ ní àbààwọ́n, ọwọ́ rẹ̀ dípẹtà, wọ́n sì fẹ́ máa fi mọ àkókò ìrun. Wọ́n tún un ṣe fún ìlò ara wọn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ rárá.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ti kan Seiko, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àgbà yẹn fi hàn wá, nítorí pé irú aago yìí ṣì pọ̀ nínú àpótí àwọn òbí wa. Ọdún 1963 ni Seiko 5 jáde ní Japan. Ẹ̀yìn aago náà ni ẹ óò kọ́kọ́ yí sókè. Ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin, àmì kékeré kan, lẹ́yìn náà nọ́ńbà mẹ́rin mìíràn. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀, mẹ́rin kejì ń sọ irú ilé irin rẹ̀. Ti Bàbá kọ 7009. Bí ẹ bá wá ṣí ọmọrí ẹ̀yìn tí ẹ rí i pé 7S26 ni wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i, nítorí pé ọdún 1996 ni 7S26 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Nọ́ńbà gígùn kan tún wà lẹ́yìn níbẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìparí ọdún tí wọ́n ṣe é, èkejì sì ni oṣù: 1 sí 9 fún January sí September, òdo tàbí O fún October, N fún November, D fún December. Ti Bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 àti 9, ìyẹn September ọdún 1980. Ó bá Hájì 1981 mu rẹ́gí. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yí kókó ẹ̀gbẹ́ 7009 láràárọ̀ pé ẹ ń fún un lágbára, ẹ sinmi. Kò gba ìyẹn. Bí ọwọ́ yín bá ṣe ń mì ló ń fún ara rẹ̀ lágbára.)

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú aago náà pẹ̀lú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Iléeṣẹ́ Seiko máa ń kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ sí ibẹ̀, wọ́n sì máa ń mọ́ kedere. Lójú tí wọ́n tún kùn, àwọn lẹ́tà yìí kì í sí níbẹ̀, tàbí kí wọ́n wú bí ẹni tí oyin ta. Ti Bàbá kò ní in rárá. Ẹ wo ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú: ti ojúlówó sábà máa ń kan ìlà ìṣẹ́jú tó yí ojú ká. Ti aago yìí kúrú, kò dé ibẹ̀. Gbogbo èyí kò gba àgbà náà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Olùrà wa náà ì bá ti rí i kó tó san owó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “bí Bàbá ṣe mú un bọ̀ láti Mẹ́kà” ti fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ohun tí Sunna sọ

Hadiisi kan wà tí Abu Hurayra (R.A.) gbà wá, tí Imaamu Muslim sì ṣe àkójọ rẹ̀. Ànábì (S.A.W.) ń kọjá lọ́jà, ó dé ibi òkìtì oúnjẹ kan, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ó bi ẹni tó ni ín léèrè pé kí nìyí. Ọkùnrin náà dáhùn pé òjò ló pa á. Ànábì wá bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé ẹni tó bá ń tan ènìyàn jẹ kì í ṣe ara òun.

Ẹ wo ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú hadiisi yìí. Ọkùnrin náà kọ́ ló rọ òjò. Ànábì kò bá a wí nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ tutù, kò sì ní kó má tà á. Ó bá a wí nítorí èyí tó gbẹ tó fi bo èyí tó tutù. Nítorí náà, aago tí wọ́n kun ojú rẹ̀ ṣe é tà, halaali ni, owó rẹ̀ sì mọ́, bí olùtà bá sọ pé, “Wọ́n ti kun ojú rẹ̀ o.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ànábì kọ̀ fún wa láti má fún wàrà ẹran fún ọjọ́ mélòó kan kí ọmú rẹ̀ lè kún nítorí àtità. Ẹni tó bá ra irú ẹran bẹ́ẹ̀, tó fún un tó sì rí òtítọ́, ní ẹ̀tọ́ láti yàn: kó mú un, tàbí kó dá a padà pẹ̀lú sáà dàbínù kan. Níbí, kò sí ẹni tó fi ẹnu purọ́. Ọmú ẹran ló purọ́ fún un. Àwọn tó ń fi ọ̀dà kun ojú aago, tí wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di bíi ti àtijọ́ kó lè jọ ojúlówó, ọmú ẹran ni wọ́n ń so. Ní ti àwọn tó ń kọ orúkọ iléeṣẹ́ ńlá sára aago tí iléeṣẹ́ náà kò ṣe rí, ti wọn tún burú jù, kódà bí wọ́n bá sọ fún olùrà àkọ́kọ́, nítorí pé aago náà yóò kúrò lọ́wọ́ ẹni yẹn lọ́jọ́ kan, irọ́ ara rẹ̀ kò sì ní kúrò.

Bí olùtà kò bá mọ̀ ńkọ́?

Ibí ni àwọn ọ̀rẹ́ wa méjèèjì ti sọnù. Olùtà ń búra pé òun kò mọ̀, òótọ́ ló sì ń sọ; ìlú mìíràn ló ti ń kàwé nígbà tí Bàbá tún aago wọn ṣe. Ó rò pé bí òun kò bá ti mọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Olùrà náà rò pé kí òun tó lè dá aago padà, àfi kí òun kọ́kọ́ fi hàn pé oníjìbìtì ni ẹnìkejì òun. Ìdí nìyẹn tó fi ń pariwo.

Àwọn méjèèjì ṣì í. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ pò wọ́n pọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó mọ̀ tó sì fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ olùrà láti dá ọjà padà, àléébù fúnra rẹ̀ ló fún un, yálà olùtà mọ̀ tàbí kò mọ̀. Olùrà lè dá ọjà padà lọ́wọ́ olódodo pátápátá, láì bú u, láì fi orúkọ burúkú kan pè é. Àti pé nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ó tún lé ní àléébù lásán, nítorí pé olùtà fẹnu ara rẹ̀ ṣe àpèjúwe ọjà náà pé bó ṣe wà látilẹ̀ ló wà. Àpèjúwe tí a torí rẹ̀ ra ọjà, bí kò bá sí nínú ọjà, olùrà ní ẹ̀tọ́.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu bọ́. Wọ́n á ní, “Mo tà á bó ṣe wà o, kò sí ìpadàbọ̀.” Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú Muwatta Imaamu Maalik. Abdullah ọmọ Umar (R.A.) ta ẹrú kan ní 800 dirhamu, ó sì fi sí àdéhùn pé òun bọ́ lọ́wọ́ àléébù yòówù. Lẹ́yìn náà, ẹni tó rà á ní àìsàn kan wà lára rẹ̀ tí wọn kò sọ fún òun. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Uthman ọmọ Affan (R.A.). Uthman ní kí ọmọ Umar búra pé nígbà tí òun tà á, òun kò mọ̀ nípa àìsàn kankan. Ọmọ Umar kọ̀ láti búra, ó sì gba ẹrú náà padà. Ara ẹrú náà wá yá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì tà á ní 1,500 dirhamu. Ẹ rí i pé “mo tà á bó ṣe wà” kò gba ẹni tó mọ àléébù là. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò kúkú jáde lẹ́nu olùtà tiwa.

Ìṣirò rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Risaala ti Ibn Abi Zayd al-Qayrawani ní ilé kéwú mọ ìlànà àwa ọmọlẹ́yìn Maalik. Ẹni tó bá rí àléébù nínú ohun tó rà, nǹkan méjì ló wà níwájú rẹ̀: kó mú un bẹ́ẹ̀ láì gba kọ́bọ̀ kankan padà, tàbí kó dá a padà kó gba owó rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti mọ àléébù náà tó tún ń lo ọjà lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ó ti fi ìwà rẹ̀ gbà á. Olùrà wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí àgbà sọ fún un ló ti bọ́ ọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ó ti dán aago náà. Dídán yẹn ti yọ irin kúrò lára rẹ̀, igun tó mú ti di kíribítí, nọ́ńbà ẹ̀yìn sì ti ń parẹ́. Àléébù tuntun nìyẹn, ọwọ́ olùrà ló sì ti ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, yíyàn olùrà yí padà: kó mú aago náà kó sì gba iye tí àléébù àtijọ́ dín kù nínú owó tó san, tàbí kó dá a padà kó sì san iye tí àléébù tuntun dín kù.

A pe ẹni méjì tó mọ aago dunjú, a ní kí wọ́n díye lé e bó ṣe rí ní ọjọ́ tí wọ́n tà á. Wọ́n ní ká ní gbogbo ara rẹ̀ pé ni, ₦80,000 ni. Pẹ̀lú ojú kíkùn àti ọwọ́ àfarawé, ₦60,000. Pẹ̀lú ìyẹn àti dídán tí wọ́n dán an, ₦52,000. Àléébù àtijọ́ mú ₦20,000 lọ nínú ₦80,000, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan. Àléébù tuntun mú ₦8,000 lọ nínú ₦80,000, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ kan. Orí owó tí wọ́n san gan-an ni a óò wá gbé ìdá yìí lé, kì í ṣe orí iye tí àwọn onímọ̀ dá. Ìdá mẹ́rin ₦64,000 jẹ́ ₦16,000: èyí ni olùrà yóò gbà bí ó bá mú aago. Ìdá mẹ́wàá ₦64,000 jẹ́ ₦6,400: èyí ni yóò fi sílẹ̀ bí ó bá dá a padà, yóò sì gba ₦57,600.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tún ìṣirò yìí ṣe pẹ̀lú gègé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń yọ ₦60,000 kúrò nínú ₦64,000 pé ₦4,000 ni ẹ̀tọ́ olùrà. Ìyẹn kò tọ́. Owó tí àwọn méjèèjì fẹnu kò sí ni òṣùwọ̀n wọn. Iye tí onímọ̀ dá wúlò fún mímọ ìdá nìkan.

Ìlànà kan tún wà lẹ́yìn èyí: bí olùtà bá ní òun gba ọjà náà padà tòun ti àléébù tuntun, tí òun kò sì béèrè nǹkan kan, ọ̀rọ̀ padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Kó mú un láì gba nǹkan, tàbí kó dá a padà kó gba gbogbo owó rẹ̀.

Ẹni kẹta

Mo ti sọ pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ títà. Mo tún mọ ohun tí olùtà kò mọ̀. Ọmọ kéwú ni mí nígbà náà, èmi ni Bàbá máa ń rán níṣẹ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé aago yẹn dé ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tún un ṣe, mo jókòó tì í, mo rí ojú rẹ̀ tó ti ní àbààwọ́n nígbà tí wọ́n yọ ọ́, mo sì padà lọ gbà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ojú rẹ̀ ti ń dán bíi tuntun. Nígbà tí olùtà ní bí Bàbá ṣe mú un bọ̀ ló wà, mo rántí. Mo sì dákẹ́. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ọjà ọlọ́jà ni, pé owó ilé-ìwé ọmọ ni arákùnrin wa ń wá, pé aago náà sá ń ṣiṣẹ́.

Hadiisi kan wà tí èmi fúnra mi ti kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mélòó kan, èyí tó wà nínú Musnad Imaamu Ahmad. Waathila ọmọ al-Asqa‘ (R.A.) wà níbi tí ọkùnrin kan ti ra ràkúnmí. Bí ẹni tó rà á ṣe ń fà á lọ, Waathila sáré tẹ̀lé e, ó bi í pé ẹran ni ó fẹ́ fi jẹ àbí ó fẹ́ máa gùn ún. Ó ní òun fẹ́ gùn ún lọ sí Hájì ni. Waathila sọ fún un pé ihò wà ní pátákò ràkúnmí náà, kò lè rìn jìnnà. Olùtà bínú sí Waathila pé ó ba ọjà òun jẹ́. Waathila dáhùn pé òun gbọ́ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) pé kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni láti ta ọjà láì ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì tọ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti má sọ ọ́.

Ẹ wo ìbéèrè tí Waathila kọ́kọ́ béèrè. Ràkúnmí tí a fẹ́ pa jẹ, ihò pátákò kò ṣe é ní nǹkan kan. Bákan náà, ká ní arákùnrin wa fẹ́ aago tí yóò fi mọ àkókò ìrun nìkan ni, ojú kíkùn kì bá tí jẹ́ nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ ló ṣe rà á.

Mo bi ara mi bóyá mo jẹ olùrà lówó. Kò sí lórí mi láti san án; olùtà ló gba owó. Ohun tó wà lórí mi ni ẹ̀ṣẹ̀ ìdákẹ́jẹ́, mo sì ní láti sọ ọ́ fún un kí ó tó lè forí jì mí. Níbi ìjókòó tí a fi ṣe ìlàjà, kí àwọn onímọ̀ tó díye lé aago rárá, mo sọ ohun tí mo mọ̀. Olùtà wò mí fún ìgbà pípẹ́. Olùrà ní, “Àlùfáà, ẹ̀yin náà?” N kò ní ìdáhùn mìíràn ju pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìṣirò tán, olùtà ní òun kò fẹ́ ìdá mẹ́wàá kankan lórí dídán. Kí olùrà dá aago Bàbá padà fún òun, òun yóò wá gbogbo ₦64,000. Owó ilé-ìwé ti gba owó náà tán, nítorí náà wọ́n fi sí oṣù mẹ́rin, ₦16,000 lóṣooṣù, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Olùrà dá aago náà padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kò dúró de owó. Wọ́n ti san oṣù méjì báyìí.

Ohun tí ẹ óò dáhùn kí a tó pàdé ní oṣù tó ń bọ̀ nìyí: Ẹnìkan ra aago àtijọ́ ní ₦90,000. Àwọn onímọ̀ ní bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ₦120,000 ni. Pẹ̀lú kókó ẹ̀gbẹ́ àfarawé, ₦100,000. Gíláàsì rẹ̀ wá fọ́ lọ́wọ́ olùrà kó tó mọ̀ nípa kókó náà, ó di ₦92,000. Èló ni yóò gbà bí ó bá mú un, èló ni yóò sì gbà bí ó bá dá a padà? Kí ẹ tún wádìí èyí lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yín: bí ilé irin aago náà bá jẹ́ wúrà gidi, tí olùrà sì jẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ máa wọ̀ ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ àléébù ni a óò kọ́kọ́ sọ fún un?